Mo Ní "Gbà Á", Wọ́n Gbọ́ "Gbá A"

Ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi wà nínú ikọ̀ agbábọ́ọ̀lù ilé ìwé wa, ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré ni mo sì fi wà lórí pápá. Mo mọ̀ pé mọ́kànlá ni nítorí pé mo kà á. Gbogbo ìyókù, orí bẹ́ǹṣì ni wọ́n fi mí sí, mò ń ṣọ́ aṣọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, mo sì ń bá wọn pọn omi. Bẹ́ǹṣì náà máa ń mì bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ. Nígbà tó sú mi lọ́jọ́ kan, mo mú òkúta, mo fi kan àwọn ìṣó rẹ̀ wọlé padà, mo wá igi pẹlẹbẹ kan há a lẹ́sẹ̀, ni bẹ́ǹṣì bá dúró digbí. Ọ̀gá tó ń kọ́ wa wo bẹ́ǹṣì, ó wo èmi náà, ó ní, "Ìwọ yìí, o ti ríṣẹ́." Bí mo ṣe di káfíńtà nìyẹn.

Ẹ lè béèrè bí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ ṣe wá di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ẹ̀bi pápá ni. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù mi ni pápá wà, bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé kì í sì í yéé wọlé wá kí mi. Lọ́jọ́ tó balẹ̀ sórí kọ́bọ́ọ̀dù tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, tí ọ̀dà rẹ̀ ò tíì gbẹ, mo jáde lọ bá wọn jà. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n ní ẹni tó ń kọ́ àwọn tẹ́lẹ̀ ti kó lọ, kò sẹ́ni tó ń darí àwọn mọ́. Mo ní kí wọ́n tò síbì kan kí n lè bá wọn wí dáadáa. Wọ́n tò. Ọdún kẹfà rèé, wọn ò tíì tú ká.

Mo ní ìlànà o. Ẹni tó bá ti fi ọdún mẹ́ta jókòó sórí bẹ́ǹṣì mọ ohun tí kò yẹ kí wọ́n ṣe fún ọmọdé. Nínú ikọ̀ wa, gbogbo ọmọ ló ń wọ pápá. A kì í ka góòlù nígbà ìgbáradì. Dípò góòlù, mo ní ìwé kan tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ẹ̀, ohun tí ọmọ kò lè ṣe tẹ́lẹ̀ tó ti wá ń ṣe ni mo máa ń kọ síbẹ̀. "Ti ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a." "Ti bọ ẹni tó fẹsẹ̀ kọ́ ọ lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a wọ́ ọ lọ síbẹ̀." "Kò sunkún nígbà tí a fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀." Bí ìdíje bá sì parí, a ó jókòó yíká lórí koríko, kálukú á sọ àṣìṣe kan tó ṣe àti ohun tuntun kan tó mọ̀. Èmi ni mo dá ìjókòó yìí sílẹ̀. Èmi nìkan náà ni kì í sọ tèmi, torí pé èmi ni akọ̀wé.

Ọ̀rọ̀ yìí dùn lẹ́nu mi ju oyin lọ. Nígbà tí a ṣèpàdé pẹ̀lú àwọn òbí, mo fi odindi ogójì ìṣẹ́jú ṣàlàyé pé èèyàn là ń kọ́, kì í ṣe ife là ń wá. Bàbá kan sùn lọ fọnfọn. Ìyàwó mi ní bàbá yẹn ló gbọ́n jù níbẹ̀.

Àbúrò ìyàwó mi, onígbàjámọ̀, ló ń kọ́ ikọ̀ òdìkejì títì. Ife mẹ́ta ló tò síwájú dígí ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè gẹrun níbẹ̀ kó má wò wọ́n, torí ó máa ń di orí oníbàárà mú ni, á kọ ojú ẹ̀ sí wọn. "Ẹ̀gbọ́n," yóò wí fún mi, "ife ló ṣeé mumi. Ìwé yín yẹn, kí ló ṣeé mu?" Èmi á rẹ́rìn-ín músẹ́ bí àgbàlagbà, màá ní ife kọ́ ló ṣe pàtàkì. Mo sì gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn, láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ìdíje máa ń wáyé.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí ìyá àgbà kan fi mú ọmọbìnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan. Agbẹ̀bí ni màmá náà, ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe é kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọmọ wọn ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ fẹ̀ bíi ti àgbà. Ilẹ̀ ló ń wò, bíi pé ó ń ka lẹ́búlẹ́bú pákó tó wà níbẹ̀.

"Láti ìgbà tí ìyá ẹ̀ ti kú," màmá wí, "'bẹ́ẹ̀ ni, màmá' àti 'rárá, màmá' nìkan ló kù lẹ́nu ẹ̀. Ọdún méjì rèé. Bọ́ọ̀lù yìí ni nǹkan àkọ́kọ́ tó fẹnu ara ẹ̀ sọ pé òun ń fẹ́. Mo ti gbẹ̀bí ọmọ tí mi ò lè ka iye wọn mọ́, kóòṣì. Èyí tó bá ń ké kì í bà mí lẹ́rù. Èyí tí ò ké ni mo máa ń sáré sí."

"Ẹ fi í sílẹ̀ fún mi, màmá."

"Mo ti fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tẹ́ ẹ bá jágbe mọ́ ọn, ọjọ́ yẹn ló parí."

Mo fọwọ́ sáyà. "Èmi? Jágbe? Ẹ bi gbogbo àdúgbò yìí wò." Ọlọ́run ló yọ mí tí wọn ò bi wọ́n.

Jẹ́jẹ́ ni àwọn ọmọ sọ ọ́, torí bó ṣe ń rìn àti bó ṣe ń dákẹ́. Òun fúnra ẹ̀ ló lọ dúró sẹ́nu ilé láàárín òpó méjèèjì, kò sẹ́ni tó fi í síbẹ̀. Bọ́ọ̀lù tó bá sì bọ́ sí ọwọ́ yẹn, ó ti sùn síbẹ̀ nìyẹn. Nǹkan kan ṣoṣo ló kù. Bí aṣọ́lé bá ń jáde bọ̀ wá mú bọ́ọ̀lù, ó yẹ kó kígbe "Tèmi!" kí àwọn tó ń gbá ẹ̀yìn lè yàgò fún un. Jẹ́jẹ́ kì í kígbe. Ọwọ́ ló máa ń nà sókè bí ọmọ tó fẹ́ gba àyè lọ́wọ́ tíṣà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òun àti ọmọkùnrin kan tí à ń pè ní Agbẹnusọ ti forí gbárí. Agbẹnusọ ló ń gbá ẹ̀yìn fún wa, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ó ń bá bọ́ọ̀lù pàápàá sọ̀rọ̀. Mo kọ ọ́ sí ojú ewé Jẹ́jẹ́ pé: "Ọwọ́: kò ní àbùkù. Ohùn: a ṣì ń retí."

Ó wá di ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, àwa àti ikọ̀ onígbàjámọ̀. Góòlù kọ̀ọ̀kan la ti jẹ, ó ku ìṣẹ́jú mélòó kan. Onígbàjámọ̀ dúró sí apá ọ̀hún pẹ̀lú fìlà pupa rẹ̀, ó ń fọwọ́ júwe ife sí mi, ó ń ṣe bí ẹni tó ń mumi. Mo ní mi ò ní wo apá ibẹ̀. Mo wo apá ibẹ̀. Bọ́ọ̀lù kan wá yí gbirigbiri wá sọ́dọ̀ Jẹ́jẹ́, bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ tí kò lágbára kankan. Ọmọ náà ti jáde sí i, ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀ dè é. Kí ni tèmi níbẹ̀? Kí ló kàn mí? Mo bẹ́ sókè, mo ké pẹ̀lú gbogbo ẹ̀dọ̀fóró mi: "Gbà á! Gbà á!"

Jẹ́jẹ́ dúró. Ó wo apá ọ̀dọ̀ mi. Ó kó ọwọ́ méjèèjì padà sẹ́yìn, ó sì fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù. Bọ́ọ̀lù ba orúnkún ọmọ kan nínú ikọ̀ kejì, ó ta padà, ó wọ àwọ̀n.

Ohun tí mo ṣe lẹ́yìn náà, bí ẹlòmíì ló ṣe é, màá ní kí wọ́n gba ikọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo sọ ìwé ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ta ló ní kó o gbá a? Ṣé o dití ni? Ìwọ ọmọ yìí, o ti bà á jẹ́ fún gbogbo wa!" Onígbàjámọ̀ pàápàá, ẹni tí góòlù náà jẹ́ tirẹ̀, kò yọ̀. Ó rọra sọdá wá bá mi, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra. Ọmọdé ni." Ojú tì mí ju ìgbà tí mo wà lórí bẹ́ǹṣì lọ.

Jẹ́jẹ́ kò sunkún. Nígbà tí fèrè ìparí dún, ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó ká a pọ̀, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì tí mo fi ọwọ́ ara mi kàn. Ìyá àgbà rẹ̀, tí wọ́n wá wòran, di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n wò mí, wọ́n sì lọ.

A jókòó yíká bí ìṣe wa. Agbẹnusọ nawọ́. "Kóòṣì, ẹ̀yin lẹ ní kó gbá a. Ó gbá a. Kí lẹ tún ń bínú sí?"

"Gbà á ni mo wí! Kó fọwọ́ gbà á!"

"Gbá a lẹ pè é o," gbogbo wọn wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo sọ fún ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún pé etí gbogbo wọn ló ti di. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí mo délé, ìyàwó mi ń lọ aṣọ. Tíṣà kíláàsì kìíní ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa fi àmì ohùn lé orí ọ̀rọ̀ lójú pátákó. Mo ro ẹjọ́ mi fún un, mo retí pé yóò káàánú mi. Ó ní, "Ẹ lọ sẹ́yìnkùlé. Ẹ pe méjèèjì bó ṣe wù yín, lẹ́ẹ̀mẹwàá, bẹ́ ẹ ṣe ń pè é ní pápá. Èmi á wà níbí, màá máa kọ ohun tí mo bá gbọ́."

Mo lọ. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí a ń sá aṣọ sí, mo ké "gbà á" lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo ké "gbá a" lẹ́ẹ̀marùn-ún, mo yí wọn pọ̀ mọ́ra kó má baà lè méfò. Mi ò tíì parí tí aládùúgbò wa fi yọrí lókè fẹ́ǹsì pẹ̀lú ìgbálẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá," ó wí, "kí ló tún kù tẹ́ ẹ fẹ́ ká gbá? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá gbogbo ilẹ̀ ibí yìí tán ni."

Nígbà tí mo padà wọlé, ìyàwó mi ti jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, áyọ́ọ̀nù ti jó ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi kan. Ó na ìwé sí mi. Mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, gbá a. "Gbà á, dò, mí," ó wí bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ọdún márùn-ún. "Gbá a, mí, re. Tẹ́ ẹ bá ti pariwo báyìí, mí, mí nìkan ló kù lẹ́nu yín. Dò ti sá lọ. Ọmọ yẹn gbọ́ dáadáa, ohun tẹ́ ẹ sọ ló ṣe. Àní kí ló dé tẹ́ ò kàn sọ pé 'mú un'?"

"Bí ọ̀gá wa ṣe máa ń pè é nílé ìwé nìyẹn."

"Ọ̀gá tó fi yín sórí bẹ́ǹṣì fọ́dún mẹ́ta yẹn?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀bi yín kọ́ sá. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni wọ́n ń pè yín. Wọn ò pè yín ní akọ́nimọ̀ọ́gbà."

Mo fẹ́ bínú, àmọ́ ẹ̀rín ló gbà mí lẹ́nu. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Mo rántí bí ọmọ yẹn ṣe la ọwọ́ méjèèjì sílẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Ó fi èyí tó mọ̀ sílẹ̀ nítorí pé ó fọkàn tán mi, èmi sì bú u nítorí ẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Jẹ́jẹ́ kò wá síbi ìgbáradì. Ní Ọjọ́bọ̀, kò wá. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo mú ìwé tí bàtà mi ti tẹ̀ dání, mo lọ sílé màmá agbẹ̀bí. Yàrá wọn mọ́ tónítóní, aago ògiri ńlá kan wà níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín ń ró ká ká ká. Àga tí wọ́n fún mi mì lábẹ́ mi. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti dà á dojú dé, mò ń yẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ wò.

"Ṣé àga lẹ bá wá ni, kóòṣì?" màmá béèrè.

Mo dá àga padà. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì. Mo sọ fún un pé, "Ìwọ kọ́ lo ṣe é. Ohùn mi ló burú. Mo rò pé mò ń sọ 'gbà á', 'gbá a' ló ń jáde. Tíṣà dán mi wò nílé, mo fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ká tiẹ̀ ní o ṣàṣìṣe, kò yẹ kí n bú ẹ bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, má bínú."

Màmá wá mi orí. "Ogójì ọdún ni mo fi ń gbé ọmọ tuntun fún àwọn nọ́ọ̀sì, tí mò ń sọ fún wọn pé 'gbà á'. Kò sí ìkankan nínú wọn tó gbá ọmọ rí."

"Ẹ̀yin kì í pariwo ni, màmá."

"Kí ni èmi fẹ́ máa pariwo sí? Ọmọ ló yẹ kó ké, èmi á wo aago, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀." Wọ́n wá wò mí tààrà. "Ṣé ẹ lè sọ ohun tẹ́ ẹ sọ yìí níwájú àwọn tẹ́ ẹ ti bú u lójú wọn?"

Mo ní mo lè sọ ọ́. Jẹ́jẹ́ wá la ẹnu. "Tẹ́ ẹ bá tún pariwo ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo ní màá wá nǹkan ki bọ ẹnu. Màmá ní ó dáa, ọmọ yóò wá lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn fúnra àwọn yóò sì wá jókòó ti ẹnu náà láti máa ṣọ́ ọ.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, mo jókòó sáàárín àwọn ọmọ, mo sọ tèmi fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún mẹ́fà. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti aládùúgbò àti ìgbálẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àwọn kan fi ń yí nílẹ̀. Jẹ́jẹ́ bojú, mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Agbẹnusọ ní, "Ó ku apá kejì, kóòṣì. Kí ni ohun tuntun tẹ́ ẹ ti mọ̀?" Mo rò ó títí, mi ò rí nǹkan kan. Agbẹnusọ gba ìwé lọ́wọ́ mi, ó ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún mi lẹ́yìn, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "Kóòṣì. Ohùn: ó ti pọ̀ jù. Ìyókù: a ṣì ń retí."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń pàdé ara wọn, nítorí náà ikọ̀ onígbàjámọ̀ náà la tún bá pàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e. Ìṣó ni mo kọ́kọ́ fẹ́ fi sẹ́nu, torí pé bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, ìṣó mẹ́rin láàárín ètè, kò sẹ́ni tó ń gbóhùn mi. Ìyàwó mi ní òun ò tíì ṣe tán láti di opó nítorí bọ́ọ̀lù. Ó fún mi ní pẹ́ńsùlù mi, èyí tó nípọn tí a fi ń sàmì sára pákó. Mo fi eyín há a. Màmá agbẹ̀bí jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú báàgì wọn lórí ẹsẹ̀.

Ogójì ìṣẹ́jú ni ìdíje náà, kò sí ìjókòó tí mo ṣe rí tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n jẹ góòlù kan, mo gé pẹ́ńsùlù jẹ. A dá a padà, mo tún gé e jẹ. Wọ́n jẹ ìkejì, mo ń tutọ́ igi. Onígbàjámọ̀ fọwọ́ júwe ife sí mi, gbogbo ohun tí mo lè fi dá a lóhùn kò ju "hùn-ún" lọ. Màmá fi ìgúnpá gún mi pé "hùn-ún" náà ti ń ga jù.

Ni ọmọ kan bá gbá bọ́ọ̀lù sókè fíofío láti apá òsì, ó ń bọ̀ láàárín òpó àti ogunlọ́gọ̀ ọmọ. Agbẹnusọ ti sá sábẹ́ ẹ̀, Jẹ́jẹ́ náà ti jáde. Wọ́n tún fẹ́ forí gbárí. Gbogbo ara mi dìde. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun mi, méjèèjì, gbà àti gbá, wọ́n ń ti ara wọn. Mo pa eyín dé.

"TÈMI!"

Mi ò mọ ibi tó ti wá. Ohùn tó mọ́ gaara, tó ga, tí ẹnikẹ́ni ò lè ṣì gbọ́. Agbẹnusọ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó la ẹnu láìsọ nǹkan kan, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n. Jẹ́jẹ́ fò, ó mú bọ́ọ̀lù nínú afẹ́fẹ́, ó fi mọ́ àyà, ó sì bọ́ sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ méjèèjì.

A fìdí rẹmi, méjì sí ẹyọ kan. Onígbàjámọ̀ ló mọ bó ṣe parí, ẹ lè bi í nígbà tó bá ń gẹ irun yín. Èmi kò rí ìyókù ìdíje náà dáadáa, torí màmá ni mò ń wò. Nígbà tí ọmọ yẹn kígbe, wọn ò pàtẹ́wọ́, wọn ò dìde. Ọwọ́ wọn kàn lọ fúnra ẹ̀ sí aago ọrùn ọwọ́ wọn, bó ṣe ti ń lọ síbẹ̀ fún ogójì ọdún. Wọ́n wo aago. Omi wà lójú wọn.

"Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá," wọ́n wí jẹ́jẹ́, bíi pé ẹnì kan wà nítòsí tó yẹ kó kọ ọ́ sílẹ̀.

Èmi ni mo wà nítòsí. Mo yọ pẹ́ńsùlù lẹ́nu, ó ti gé sí méjì. Mo ṣí ojú ewé Jẹ́jẹ́, mo fi ìdajì tó ní ẹnu ṣónṣó kọ aago náà síbẹ̀ bí wọ́n ṣe pè é. Mo wá bi wọ́n pé kí ni kí n kọ sí iwájú rẹ̀, kí ni àwọn máa ń kọ.

"Ẹ kọ ọ́ pé ó ti ké," màmá wí.